Káàbọ̀ Kò Dín Kù Nílé Ọlọ Wa

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín, èyí tí o ní ó ń gbé ara rẹ̀ lọ sókè. Mi ò fọkàn tán àtẹ̀gùn tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, jọ̀ọ́ máa di nǹkan mú.

Ọ̀rọ̀ kan ń bà mí lẹ́rù, òun ni mo ṣe fi ọlọ sílẹ̀ tí mo ń kọ̀wé. O rántí ẹ̀rọ ìlọgbàdo wa tó ń mu epo dísù, tó máa ń ké bíi pé wọ́n ń pa á. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé e lọ, wọ́n to gíláàsì dúdú sórí òrùlé, wọ́n ní oòrùn ni yóò máa lọ àgbàdo. Ó sì ń lọ ọ́ o, láìpariwo. Ìyàwó télọ̀ ìtòsí wa kò tètè mọ̀ pé ariwo ti tán, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó máa ń sọ nípa mi lójú mi látọjọ́ yìí. Èmi náà ń tọ́jú gíláàsì náà. Bí oòrùn bá mú jù lọ́sàn-án, mo máa ń gun àkàbà lọ fi aṣọ bò wọ́n kí wọ́n lè sinmi. Síbẹ̀, àkókò yẹn gan-an ló máa ń rẹ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì àwọn tó to gíláàsì náà mú fọ́ọ̀mù wá, ó ní òun fẹ́ mọ àǹfààní tí a ti rí. O mọ̀ mí, ẹni tó bá jẹ́wọ́ èrè fún ẹni tó mú bírò lọ́wọ́, owó orí ló ń pè. Ó bi mí bóyá oníbàárà pọ̀ sí i, mo ní rárá, ogún obìnrin sì tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá. Bóyá ẹnikẹ́ni rí iṣẹ́ ṣe lára iná tí gíláàsì náà ń mú wá, mo ní rárá, bẹ́ẹ̀ àbúrò rẹ obìnrin jókòó tì wá, ó ń fi iná náà gẹ irun fún oníbàárà tirẹ̀. Bóyá ara wa le sí i, mo ní rárá. Ó wá béèrè bí káàbọ̀ wa ti dín kù tó. Ìyẹn dùn mí wọra. Mo ní, "Káàbọ̀ kò lè dín kù nílé mi láéláé, ńṣe ló ń pọ̀ sí i." Ó wò mí títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló ka ìwé tí akọ̀wé náà fi sílẹ̀ fún mi. Ó ní kábọ̀nù ni akọ̀wé náà ń wí, kì í ṣe káàbọ̀, pé inú èéfín dísù ló wà, òun ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ìwé náà ní ibi tí ẹ̀rọ oòrùn kò bá ti ṣàǹfààní, wọn yóò tú u lọ síbòmíràn níparí oṣù, wọn yóò sì dá dísù padà. Ọmọ mi, ẹnu mi ló kó bá mi.

Kì í ṣe owó epo ló ń já mi láyà. O mọ ikọ́ ìyá rẹ, ojú fèrèsé rẹ̀ ni èéfín yẹn máa ń fẹ́ sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ ọ láti ilé ọlọ, ariwo ẹ̀rọ pàápàá kò bò ó, òun ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Níjọ́ tí ikọ́ náà dákẹ́, lẹ́yìn tí dísù ti lọ, mo da àgbàdo olóhun nù, mo sáré wọlé. Aṣọ ló ń ká. Ó bi mí pé kí ló ń lé mi, mo bá a ká èyí tó kù.

Jọ̀ọ́, lọ sí ọ́fíìsì wọn nílùú yín níbẹ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n. Sọ pé bàbá rẹ purọ́, pé gbogbo rárá tí mo sọ, bẹ́ẹ̀ ni ni. Bí wọ́n bá fẹ́ owó orí, kí wọ́n gbà á. Owó tí mo máa ń béèrè, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọ mọ́tò débẹ̀. Bó bá wá ṣẹ́ kù, o lè fi ìyẹn ránṣẹ́, àkàbà ti kán.

Ọlọ́run yóò fi ojú rere wọn pàdé rẹ. Ibi tí o bá ti bẹ̀bẹ̀, o kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Èmi bàbá rẹ ni.

Mo fẹ́ lẹ ìwé yìí pa báyìí ni ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú yàrá. O mọ̀ pé kò mọ orin kọ. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Sọ ìyẹn náà fún wọn.