Alàgbà Tó Tún Àdúrà Kọ́ Lẹ́ni Ọdún Mọ́kànléláàádọ́rin

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1940 ni a bí bàbá wa, Alàgbà Mangantar Sihaloho, ní abúlé Lumban Holbung ní erékùṣù Samosir. Láti ìgbà tí Gomgom, àkọ́bí ọmọ-ọmọ wọn, ti dé ni gbogbo yín ti ń pè wọ́n ní Ompu Gomgom, ìyẹn bàbá-àgbà Gomgom. Jaulung Sihaloho ni bàbá tó bí wọn, Lamria ọmọ ìdílé Naibaho sì ni ìyá. Inú ìdílé Kristẹni ni wọ́n bí wọn sí láti orí bàbá bàbá wọn, Bàbá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa, láti 1948 títí di 1954. Ní 1956, wọ́n parí ẹ̀kọ́ katikísímù, wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n sì ka gbogbo ìdáhùn láìṣi ẹyọ kan. Ìjọ yìn wọ́n gan-an. Èrò àwa ọmọ ni pé ìyìn ọjọ́ yẹn ló ba nǹkan jẹ́, torí ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti gbà pé àwọn ti kọ́ Ọlọ́run tán.

Ní 1964, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Tiarma, ọmọ ìdílé Malau. Àlùbọ́sà àti kọfí ni wọ́n gbìn, òun náà ni wọ́n fi tọ́ wa. Ní 1979, ìjọ yàn wọ́n ní alàgbà, ibẹ̀ sì ni àdúrà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Àdúrà kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ó dùn, a ò ní purọ́. Láti ìlú Pangururan ni àwọn èèyàn ti ń wá pè wọ́n síbi ìgbéyàwó nítorí rẹ̀. Àmọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò yí padà. Bí Bàbá bá ti dé “Ìwọ tí o mọ iye irun orí wa”, ìyá wa á ti máa fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn lábẹ́ àga. Bí wọ́n bá ti dé “Bá wa wo arákùnrin wa, Bàbá Tiodor, tí inú rẹ̀ wú”, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn á ti yọ́ jáde.

Bàbá Tiodor, ọmọ ìjọ wa tó ti ń ṣàìsàn láti 1979, kú ní oṣù kejì ọdún 2007. Bàbá wa ló ṣáájú ìsìnkú náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n dìde nínú ìjọ, wọ́n sì bẹ Ọlọ́run pé kó wo Bàbá Tiodor sàn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ó ń bí wa nínú títí dòní! Ẹni tó ń gbàdúrà kò gbọ́ ohun tó ń sọ, odidi ìjọ sì ń ṣe àmín. Àwa ọmọ wọn náà ṣe é.

Ìyá Tiodor, opó tí olóògbé náà fi sílẹ̀, nìkan ló ń gbọ́. Ní 2011 wọn kò wá sí ìjọ mọ́, Bàbá sì lọ bá wọn wí bí iṣẹ́ alàgbà. Rosinta, àkọ́bí wa, tẹ̀lé Bàbá lọ, òun ló sọ fún wa.

“Ìyá Tiodor, ọ̀sẹ̀ keje rèé. Ìgbàgbọ́ yín ti ń tutù o.”

“Ìgbàgbọ́ tèmi kẹ̀? Ompu Gomgom, ọdún mẹ́rin lẹ ti ń bẹ Ọlọ́run kó wo ọkọ mi sàn. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí ni? Tí Ọlọ́run bá lọ gbọ́ ńkọ́? Ibo ni kí n tẹ́ ẹ sí? Mo ti fi ẹní rẹ̀ tọrẹ!”

Bàbá padà sílé. Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ìwé lọ fún àlùfáà pé àwọn kò ṣe alàgbà mọ́. Àlùfáà kò gbà á. Ó ní, “Bàbá, kò sí àdúrà tó dùn tó tiyín ní gbogbo agbègbè yìí.”

Bàbá ní, “Àìsàn tó ń ṣe é gan-an nìyẹn.”

Ni wọ́n bá lọ jókòó sí kíláàsì katikísímù láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lọ́jọ́ Sátidé, fún odidi ọdún kan. Ìbéèrè wọn kì í tán. Kíláàsì tó yẹ kó parí ní aago márùn-ún á di aago méje, àwọn òbí á wá fi ẹjọ́ sun ìyá wa. Ọ̀rọ̀ náà sú Màmá. Wọ́n ní, “Bàbá Rosinta, ṣebí ẹ ti kọ́ èyí tán ní 1956?” Bàbá ní, “Mo há a sórí ni. Mi ò tíì kọ́ ọ.”

Láti ìgbà náà ni a kò ti ní ìsinmi. Bí ìjọ bá ní kí wọ́n gbàdúrà, wọ́n á dákẹ́ títí, ikọ́ á gba ilé, wọ́n á wá sọ gbólóhùn méjì, wọ́n á jókòó. Wọ́n ra ìwé kékeré kan, wọ́n ń wọ ilé kiri: “Kí ni kí n bá yín bẹ Ọlọ́run fún?” Bí àwọn èèyàn bá ti rí fìlà wọn lókèèrè, ẹ̀yìnkùlé yá. Ọkùnrin kan ní ilé ẹlẹ́mu, kí ó lè rí wọn lé lọ, ní kí wọ́n gbàdúrà fún ẹlẹ́dẹ̀ òun. Ọjọ́ kẹta, Bàbá ti padà wá béèrè àlàáfíà ẹlẹ́dẹ̀. Ọkùnrin náà ní, “Ompu Gomgom, a ti jẹ ẹ́.” Bàbá yọ pẹ́ńsù, wọ́n fa ilà pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹ́ nínú ìwé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà tún máa gbàdúrà fún òkú.

Sahat, àbíkẹ́yìn wa, ra fóònù fún wọn kí wọ́n yé rìn nínú òjò. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n fi ń pè wá láti mọ ibi tí àdúrà ọ̀sẹ̀ tó kọjá já sí.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá ń fi orúnkún tó ti bàjẹ́ gun òkè lọ bẹ Ìyá Tiodor. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó kú kò ju kí obìnrin náà dárí jì wọ́n, kó sì padà sínú ìjọ. Ìyá Tiodor á fún wọn ní kọfí, àmọ́ kò ní sọ pé òun dárí jì wọ́n. Ọdún mẹ́jọ!

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, Bàbá kò lè dìde mọ́. Lọ́sàn-án, Ìyá Tiodor fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ wá sílé wa.

Bàbá ní, “Ẹ dárí jì mí.”

“Láti ọdún kìíní ni mo ti dárí jì yín.”

Màmá wa pariwo. “Ẹ ẹ̀ wá sọ! Ẹ ń wo orúnkún ọkọ mi!”

“Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á tún jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á ní àwọn ti mọ àdúrà tán. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ wọ́n ni?”

Inú bí wa débi pé a fẹ́ ní kó jáde. Bàbá ló bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ǹ bá jókòó.”

Wọ́n kú ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Tiodor wá sí ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n ní, “Olúwa, Ompu Gomgom kú lánàá. Tiarma ò tíì jẹun, jọ̀ọ́ bá wa bójú tó o.” Wọ́n jókòó. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, abọ́ oúnjẹ mẹ́sàn-án ti wà ní ilé ìdáná wa.

Bàbá fi ìyàwó wọn Tiarma sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́rin: Rosinta, Parlin, Hotmian àti Sahat; ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá láti ọ̀dọ̀ gbogbo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

Bàbá, ẹ dá wa lágara. Bí ẹni tó kọ̀ láti jókòó yóò ṣe sùn, a ò mọ̀. Ẹ ṣáà gbìyànjú rẹ̀. Ẹ sùn re o.