Ìgò Mílíìkì Méjì Tó Wà Lórí Tábìlì

Bàbá Ọmọ,

Jọ̀ọ́, má fún ọmọ ní ìkankan nínú ìgò mílíìkì méjèèjì yìí o! Mo po oògùn ibà rẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Ní ilé ìwádìí, lẹ́tà nìkan la máa ń kọ sára ìgò, a kì í kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ká má baà ṣe ojúsàájú. Èmi náà bá kọ "A" sára ọ̀kan, mo kọ "B" sára èkejì. Kí n tó wọ bàtà tán, mi ò mọ èyí tó ní oògùn mọ́. Da méjèèjì nù. Oògùn tó kù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣíbí kékeré kan péré ni kó o fún un. Ara rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ẹ nígbà tó o ní kí n jẹun. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tí mò ń lọ yìí ló gbà mí lọ́kàn. Látìgbà tí mo ti gboyè ọ̀mọ̀wé ni mo ti ń wá irú iṣẹ́ yìí, ká máa wádìí ohun tó ń mú kí jíìnì kan, ìyẹn ohun tá a jogún lára òbí, ṣiṣẹ́ nínú ara, kí òmíràn sì dákẹ́.

Wọ́n máa bi mí bóyá mo máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa sọ. Ṣáà bá mi fọ ìgò méjèèjì kí n tó dé.