Ohùn Job nínú Búùtù

Ọjọ́ Àìkú, 4 Èrèlé 2001

Alága wá lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n Bọ́dúndé ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Job, ọkọ mi tó kú. Kò sí ìpàdé ẹbí tí wọn kì í darí. Wọ́n ní wọ́n ti fẹnu kò ní Ìkẹ́rẹ́ — ọkọ̀ Job á padà sílé. Àwọn á wá gbé e ní Sátidé, kì í ṣe èyí, èyí tó tẹ̀lé e. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kì í ṣe ọkọ̀ ni mo ń sunkún. Wúfà méjì tó wà ní búùtù ni, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Béèsì ni Job ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Kásẹ́ẹ̀tì Àjíǹde ọdún tó kọjá wà lọ́wọ́ mi, oṣù mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀. Rédíò kékeré inú pálọ̀ kò lè gbé ohùn tó jìn bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin nìkan ló ń ké níbẹ̀. Búùtù yẹn nìkan ni ọkọ mi ti lè kọrin fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 5 Èrèlé

Wúfà wà, ámpù tó ń fún un lágbára kò sí. A tà á nígbà àìsàn. Mo ra tòkúnbọ̀ lọ́dọ̀ Nùréènì ní Dopemu. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ so ó?" Mo ní físíìsì ni mo fi ń jẹun. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 7 Èrèlé

Ó dún! Mo fo ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan ń wúkọ́ níbẹ̀, èmi ò sì fẹ́ gbọ́ ikọ́ mọ́ láyé mi. Àwọn obìnrin kọ tiwọn. Bí béèsì ṣe ní kó wọlé — pa! Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Iná pupa lórí ámpù. Mo dá a padà. Ibi kan náà. Mo tún dá a padà. Ibi kan náà.

Orí mi wú. Job, kí ni mo ṣe fún ẹ?

Ọjọ́bọ̀, 8 Èrèlé

Kò fẹ́ kí n gbọ́ òun.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Èrèlé

Sùlíyá, ìyàwó onílé, bá mi nínú búùtù, ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà níta. "Màmá Kóredé, ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn sinmi! Orin á gba gbogbo ilé, ó ṣe díẹ̀, á dákẹ́ wìì. Ẹ̀rù ń bà mí o, wàláì!"

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí mo bá ti wọ búùtù, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan jókòó sí àga awakọ̀. N kò sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Èrèlé

Mo yá mítà níléèwé. Mo fi wọn bí wúfà ṣe ń dènà iná: óòmù kan péré! Kọ́ìlì wáyà méjì ló wà nínú wúfà kọ̀ọ̀kan, óòmù mẹ́rin-mẹ́rin. Job so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn — ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná sì ń ya wọlé. Ámpù àtijọ́ lè gbà á. Tuntun yìí kò fẹ́ ohun tó dín ní óòmù mẹ́rin, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Béèsì ló sì ń fa iná jù, ìyẹn ló fi ń kú níbẹ̀. Kì í ṣe òkú. Tíṣà físíìsì, ojú tì ẹ́.

Àmọ́ kí n tó tún un so, mo ní láti tú ohun tí Job so. Ó máa ń lọ́ wáyà pọ̀, á wá fi eyín fà á kó le. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lára rọ́bà wáyà náà. Mo fọwọ́ kàn án. N kò lè ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Èrèlé

Ọ̀la ni Alága ń bọ̀. Mo ṣe é.

Ó le, kò ṣeé tú, mo fi ọ̀bẹ gé e. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo so kọ́ìlì méjì inú wúfà kan tẹ̀lé ara wọn: mẹ́jọ. Ti èkejì bákan náà: mẹ́jọ. Mo wá so wúfà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: mẹ́rin. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Béèsì wọlé. Iná pupa kò tàn. Ohùn náà gba ara ọkọ̀ wọ àyà mi. Job! Job mi! Mo gbọ́ ọ títí bátìrì ọkọ̀ fi fẹ́ rẹ̀.

Sùlíyá bá mi gbálẹ̀. Ó kó àwọn wáyà tí mo gé mọ́ pàǹtí, ó dáná sun wọ́n. N kò tilẹ̀ yíjú wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Èrèlé

Alága dé. Mo ní kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Bí béèsì ṣe wọlé, wọ́n ṣí fìlà.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "èmi nìyẹn."

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọ́n bá a kọ ọ́ jáde, ohùn kan náà, kò fi ibì kankan yàtọ̀. Wọ́n ní ọ̀fun Job ti dí kí ọdún Àjíǹde tó dé, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. Ó bẹ àwọn kí àwọn dúró lẹ́yìn òun, kí àwọn bá òun kọ ọ́. Job fúnra rẹ̀ kàn ń la ẹnu ni. Mo rántí. Mo rí wọn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọdún ló dùn mọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ikọ́ tó ṣáájú orin yẹn nìkan ni tiẹ̀."

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ, àti wúfà, àti ámpù.

Mo wọ pálọ̀. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ikọ́ kò nílò wúfà. Rédíò kékeré gbé e ketekete.