Aṣọ Tí Ẹ Hun fún Tẹlifíṣọ̀n Wa

Homewood, lẹ́bàá Ṣikágò
Oṣù Kejì, 1987

Ẹ̀gbọ́n mi Ràhámọ̀tù, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Màmá. Oògùn ẹsẹ̀ Màmá ń bọ̀ lọ́nà. Ara wa le, òtútù nìkan ló fẹ́ pa wá.

Aṣọ kíróṣè tí ẹ hun dé. Tàwàkálítù ìyàwó mi fi bo tẹlifíṣọ̀n àti àpótí kébù orí rẹ̀ tó ń fi wáyà gba àwòrán, bí a ti ń ṣe nílé. Láti ọjọ́ náà ni rìmóòtù kò ti gbọ́ tiwa mọ́. Mo pààrọ̀ bátìrì, pàbó ló já sí. Ni mo bá ní Tàwàkálítù ló da omi sí i. Mo bú u tìyá tìbaba lójú àlejò, n kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Lánàá, ó wà níbi iṣẹ́ nígbà tí ọkùnrin kébù dé. Ó ká aṣọ yín kúrò lójú àpótí, ó tẹ rìmóòtù, ó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Tàwàkálítù wọlé, mo ní èmi ni mo tún un ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní bóyá òun da omi sí i lóòótọ́ tí òun kò mọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Tó bá kọ̀wé sí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un. Ìkúnlẹ̀ yẹn yẹ ẹ́.

Àbúrò yín,
Gàníyù