Wọ́n Ní Kò Sí Irú Ìyá Bẹ́ẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le ní Dagenham, ní ìlú òyìnbó níbí. Rosemary, ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní River Road, mú mi lọ wo fíìmù kan ní Tàmílì, èdè wọn. Ọmọkùnrin kan tẹ̀lé àwọn olóṣèlú tó ń kọ́ ọ ní ìkórìíra, títí ó fi dáná sun ilé aládùúgbò wọn. Nínú yàrá rẹ̀ ló ti gbèrò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kàn ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ilẹ̀kùn fún un.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù ló bí mi nínú. Wọ́n yìn ín pé ó ń já ènìyàn láyà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá yẹn ló ba fíìmù náà jẹ́, pé kò sí ìyá tí kò ní mọ̀. Ta ló tiẹ̀ bímọ nínú wọn?

Kúnmi wa ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ! Kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fọ sùtánà rẹ̀ mọ́ tiwa, bí kò tiẹ̀ dọ̀tí. Ó ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tuntun lórí fóònù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: mo ti ń kanlẹ̀kùn kí n tó wọ yàrá ọmọ tí mo bí. Ìrẹsì tí mo bá gbé síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ tán, ọpẹ́ ni.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Akínrẹ̀mí. Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ fi oríkì Kúnmi pè é, Màámi, kí ẹ pè é dáadáa.

Kúnmi náà ní kí n kí yín. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti sọ ọ́.

Wúrà yín