Kẹ̀kẹ́ Dúdú Tàbí Pupa

Òdà, ọjọ́ Ẹtì

Láti ìgbà tí epo ti wọ́n tí mo sì ta ọ̀kadà wa, ẹsẹ̀ ni èmi àti Ìyá Tọ́lá, ìyàwó mi, fi ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti jọ ń kọ́ni. Mo lọ wo kẹ̀kẹ́ ológeere méjì onítáyà ńlá l'Ákùúrẹ́ lónìí. Owó ọwọ́ mi ò lè ra ju ọ̀kan lọ.

Tòkunbọ̀ ni dúdú. Bíréèkì rẹ̀ ń mú dáadáa, àmọ́ jíà rẹ̀ ń yọ̀. Tuntun ni pupa, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ń mì.

Ọlọ́jà ní, "Tíṣà, ẹ mú dúdú. Ẹwà lásán ni pupa yẹn."

Síbẹ̀ pupa ló wà lọ́kàn mi. Mo yí wọn po títí, mi ò ra ìkankan.

Mo délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Tọ́lá níbi tó ti ń jọ gàrí. Ó gbọ́ ọ tán.

"Èwo ló ní ibi tí èmi máa jókòó sí lẹ́yìn?"

Kò sí. Mi ò tilẹ̀ ro ti ìyẹn.

"Ẹ ra èyí tó bá wù yín, Bàbá Tọ́lá. Ẹ máa lọ ṣíwájú, màá bá yín níbẹ̀."

Lọ́la, màá fi pupa sílẹ̀, màá bi oníwẹ́dà bóyá ó lè jó ìjókòó mọ́ ẹ̀yìn dúdú. Inú ò bí Ìyá Tọ́lá rárá. Ká ní ó bínú ni, bóyá ara mi ì bá balẹ̀.