Ìka Kẹfà Ọwọ́ Ọ̀tún: Ìgbésí Ayé Màmá Margaret Adétóun Láyíwọlá (1953–2021)

Keteren Gwari, ní ìlú Minna, ni wọ́n bí Màmá sí ní ọdún 1953, sínú ìdílé Olóògbé Ọlánípẹ̀kun Oyèdìran, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ. Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni Màmá láti kékeré. Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ Haúsá débi pé àwọn oníbàárà bàbá wọn a máa bèèrè bóyá Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́.

Ní 1974, Màmá fẹ́ Bàbá Simeon Láyíwọlá, káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn. Wọ́n bí Ajíbádé ní ọdún kejì. Nígbà tí Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ní 1976, iṣẹ́ ya wọlé. Bàbá ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí àwọn ilé ìjọba, Màmá sì ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bírikìlà kan wà lára àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, tó ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ kan. Mai Yatsa Shida, onìíka mẹ́fà ní èdè Haúsá, ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ní 1978 ni Màmá bí Abímbọ́lá, pẹ̀lú ìka mẹ́fà ní ọwọ́ ọ̀tún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ní orúkọ láàárín Yorùbá kó tó dé ayé: Olúgbódi. Ilé Láyíwọlá kò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ bírikìlà ni. Bàbá kọ̀ láti bá Màmá gbé e lọ fún ìyàsímímọ́ ní ilé ìjọsìn, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sí yàrá mìíràn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wẹ ọmọ. Wọ́n di ìka náà mú, wọ́n rí i pé egungun wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń wẹ ọmọ lọ.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ní ti Abímbọ́lá, kò sí ọwọ́ tí wọ́n gbà á láyè láti fi júwe rẹ̀. Oyèdìran, orúkọ bàbá Màmá, ló fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n yọ Màmá kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn tó yọ wọ́n wà níbí lónìí, ẹ káàbọ̀. Àǹtí Sàlíhátù, ará Ìlọrin tí ilé wọn kángun sí tiwa, nìkan ló ń wọlé wá jẹun lọ́wọ́ Màmá. Bàbá kú ní 1991 láì pe Abímbọ́lá lórúkọ rí.

Ní 1998, ọmọ àbúrò Bàbá bímọ ní Chanchaga. Màmá lọ, nítorí ìyàwó ilé ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú wọn. Àwọn ni wọ́n gbé omi gbígbóná wọlé. Ìyá Àgbà, tí ojú wọn ti ṣú, ń fọwọ́ wá ara ọmọ náà, ọwọ́ wọn sì bá ìka kékeré kan tí kò ní egungun.

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ mú òwú dúdú wá. Báyìí náà ni mo so ti Simeon, títí ó fi já bọ́.”

Màmá gbé omi kalẹ̀. Gbogbo wa la mọ kókó kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Bàbá. Àpá egbò ni Ìyá Àgbà ti sọ fún Bàbá pé ó jẹ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà mọ ẹni tó wà nínú yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Màmá pé kí wọ́n bo àṣírí. Nítorí kí ayé má baà nawọ́ sí ìdílé wọn, wọ́n jẹ́ kí ayé nawọ́ sí Màmá fún ogún ọdún. Màmá sọ ọ́ fún àwa ọmọ wọn. Inú ń bí wa síbẹ̀, a kò sì ní purọ́ níwájú òkú.

Nígbà tó yá, Abímbọ́lá di olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ní Barkin Sale. Òun ló ṣàlàyé fún Màmá pé òwú lè gé ìka, ṣùgbọ́n kò lè gé ohun tí bàbá fi sínú ọmọ. Ohun kan náà lè yọ bí ẹran lásán lára ẹnìkan, kó yọ pẹ̀lú egungun lára ọmọ rẹ̀, kó sì fo ẹlòmíràn dá. Ó ní irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ara ẹ̀dá fi ń yí padà láti ìran dé ìran: èyí tó ṣàǹfààní a gbilẹ̀, èyí tó ń pani a máa tán lọ, èyí tí kò ṣe rere tí kò ṣe ibi a máa bá ìdílé rìn, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n bèèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ Bàbá ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó Abímbọ́lá bímọ ní 2009, tí ìka kẹfà tún yọ, agbẹ̀bí mú òwú. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí gbogbo ayé rí i.”

Àwọn fúnra wọn ló sọ ọmọ náà ní Olúgbódi.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2021. Àwọn àgbà ilé Láyíwọlá ní kí á yọ ọ̀rọ̀ ìka kúrò nínú ìwé yìí. Màmá ti ní kí á má yọ ọ́.

Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé lọ: Ajíbádé Láyíwọlá àti Abímbọ́lá Láyíwọlá, pẹ̀lú àwọn ìyàwó ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Olúgbódi ni yóò kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ibojì. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi bù ú. Ẹ wò ó dáadáa.

Màmá, ẹ sùn re o. Ọmọ ọkọ yín ni ẹ bí.